Ọ̀nà Tí Bàbá Mi Wa Ọ̀gá Ológun Gbà

Mo ṣì ń gbọ́ bí bírò bàbá mi ṣe ń họ bébà láàárọ̀ Sátidé kan ní yàrá ìjókòó wa ní Fondren Southwest, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn lókè orí wa, tí oòrùn Houston sì ti ń ta gíláàsì fèrèsé kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ìyá mi ti kú ní Abẹ́òkúta lọ́dún tó ṣáájú. Èmi, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ni mo lọ mú bàbá mi wá sí Amẹ́ríkà, torí mo rí i pé wọn ò lè dá gbé mọ́. Wọ́n ń gbàgbé ìkòkò sórí iná, wọ́n ń fi orúkọ ẹni tó ti kú pe aládùúgbò. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni. Ọdún kan kò pé tí dókítà fi là á mọ́lẹ̀ fún mi pé kì í ṣe ìbànújẹ́, pé àrùn ìgbàgbé ni, kò sì sí oògùn tó lè dá a padà. Ó ní kí n máa bi wọ́n nípa ohun àtijọ́, torí ohun àtijọ́ ló máa ń kẹ́yìn lọ. Mo gba ọ̀rọ̀ náà bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń gba iṣẹ́ àṣetiléwá.

Bàbá mi ní ohun àtijọ́ kan tó ju gbogbo ìyókù lọ. Wọ́n wa ọkọ̀ fún ológun nígbà ogun abẹ́lé ní Nàìjíríà, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Àwọn ọmọ ogun ìjọba gba ìlú kan níhà Ìlà-Oòrùn, ìlú tí mi ò ní dárúkọ nítorí àwọn tó ni ín ṣì wà láyé. Àwọn ará ìlú ti sá wọ igbó. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọ̀gá àgbà tó ń darí ogun náà dé, ó ní òun fẹ́ wo ìlú. Kì í ṣe pé ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀tá sá gbà o. Ó fẹ́ wo ìlú bí àlejò ṣe ń wo ìlú. Ó wọ aṣọ ológun tí wọ́n lọ̀ tó dán, ó mú ẹ̀rọ ayafọ́tò dání, ọwọ́ bàbá mi sì ni kọ́kọ́rọ́ jíìpù já sí. Wọn a máa fi ìka ka ibi tí wọ́n dúró fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré: ibùdókọ̀ ojú irin, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, ọjà, ilé ẹjọ́, òtẹ́ẹ̀lì, àti orí òkè tí èèyàn ti ń wo gbogbo ìlú nísàlẹ̀. Mẹ́fà. "Èmi ni mo wa Ọ̀gá," wọn a wí bẹ́ẹ̀, wọn a sì nà tán lórí àga bí ẹni tó gbé ọba lọ gorí ìtẹ́. Mo fi ìtàn yẹn yangàn nílé ìwé títí àwọn ẹgbẹ́ mi fi ní kí n fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, mo ní kí bàbá mi ya ọ̀nà náà fún mi. Ọwọ́ wọn kò gbọ̀n rárá. Wọ́n fa ìlà láti ojú irin dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gba ẹ̀yìn ọjà, wọ́n yà síwájú ilé ẹjọ́. Àmọ́ láàárín òtẹ́ẹ̀lì àti orí òkè, bírò náà yà kúrò lójú ọ̀nà, ó ya òbírí kékeré kan, bàbá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi bírò pa òbírí náà rẹ́. Wọ́n pa á, wọ́n tún pa á, títí bébà fi ya.

"Kí ló wà níbẹ̀, Bàbá?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Iṣẹ́ ẹnjiníà ni mò ń ṣe nígbà yẹn ní ọ́fíìsì kan ní Greenspoint. Àwòrán páìpù epo ni mò ń yẹ̀ wò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, bí páìpù kan bá sì dópin lójijì lórí bébà, oúnjẹ ọ̀sán kì í wọ̀ mí lẹ́nu. Ojú yẹn ni mo fi wo ihò inú bébà bàbá mi. Mi ò bi ara mi léèrè pé kí ló lè mú kí àgbàlagbà fi bírò gún bébà títí tó fi ya. Mo rí àwòrán tí kò pé, mo sì rí ara mi bí ẹni tí yóò parí rẹ̀. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì ni. Mo ṣí máàpù ìlú náà lórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ wọ́n ti yí orúkọ ọ̀pọ̀ òpópónà padà, bàbá mi kò sì dá èyíkéyìí mọ̀. Mo wá pinnu pé ẹni tó mọ ìlú náà ni mo nílò.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, mo máa ń já bàbá mi sílẹ̀ ní daycare kan ní Stafford, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà lọ́sàn-án, kí n tó gba ọ̀nà márosẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́. Màmá kan wà níbẹ̀ tó máa ń jókòó ti bàbá mi. Ọmọ Ìgbò ni wọ́n, opó, tí ọkọ wọn ti ṣiṣẹ́ rélùwéè n'Ìbàdàn fún ọgbọ̀n ọdún, nítorí náà Yorùbá wọn dùn ju tàwọn ọmọ wa tí a bí síbí lọ. Mo bi wọ́n níjọ́ kan pé níbo ni wọ́n ti dàgbà. Wọ́n dárúkọ ìlú náà gan-an. Inú mi dùn bí ẹni tó kan omi nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Mo ní, "Ó mà ga o! Bàbá mi wà níbẹ̀ nígbà ogun."

Màmá yíjú sí mi. "Ṣójà ni wọ́n?"

"Awakọ̀ lásán ni wọ́n, Mà."

Wọ́n tún wo bàbá mi dáadáa. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn á wá lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn.

Wọ́n wá lóòótọ́, wọ́n gbé mọ́ínmọ́ín dání, wọ́n kí bàbá mi bí wọ́n ṣe máa ń kí wọn. A jókòó yí kọ̀ǹpútà ká lórí tábìlì. Màmá ń fi ìka tọ ojú ọ̀nà: ọjà rèé, ilé ẹjọ́ rèé, wọ́n ti wó òtẹ́ẹ̀lì yẹn. Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀, orí mi ń wú. Nígbà tí ìka wọn kúrò níbi òtẹ́ẹ̀lì, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó sì dúró.

"Ilé ìwé àwa ọmọbìnrin nìyí. Ibí ni mo ti kàwé."

Bàbá mi tẹ̀ síwájú lórí àga. "Ilé ìwé alátẹ̀gùn," ni wọ́n wí. "Ọ̀gá ní kí n dúró. Ó ní àtẹ̀gùn yẹn á dára nínú fọ́tò."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Láti kékeré ni mo ti ń ka mẹ́fà.

Màmá rọra yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n gbé e sórí tábìlì. "Baba, ta ni ẹ bá níbẹ̀?"

Màmá ń bá ọ̀rọ̀ lọ lóhùn jẹ́jẹ́. Wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni àwọn lọ́jọ́ tí àwọn sá nílùú. Ìyá bàbá wọn kò lè rìn. Bàbá wọn gbé e pọ̀n lọ sí ilé ìwé yẹn, níbi tí wọ́n ń kó àwọn arúgbó àti aláìsàn sí, wọ́n fi gàrí àti omi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ fún un, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Ogun parí kí wọ́n tó padà. Wọn ò bá a, wọn ò rí sàréè, wọn ò rí ẹni tó lè sọ pé òun rí i. "Mo ti bi gbogbo èèyàn," ni Màmá wí. "Láti ọjọ́ yẹn dòní, ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo rí tó dé ibẹ̀ lọ́sẹ̀ náà."

Bàbá mi wá sọ̀rọ̀, ohùn wọn sì dà bí ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin. "Arúgbó pọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá ní ká lé wọn sẹ́yìn, kí wọ́n má baà wọ inú fọ́tò. Ìyá kan na igbá sí mi. Ó ń sọ èdè wọn, mi ò gbọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé omi ló ń bèèrè. Mo ní omi. Kẹ́ẹ̀gì kan wà lẹ́yìn jíìpù."

"Ṣé ẹ fún un?"

Bàbá mi wo Màmá, wọ́n wo kọ̀ǹpútà, wọ́n wá wo ojú mi bí ọmọ tó sọnù ṣe ń wo èèyàn. "Kí ni wọ́n ń bi mí?" Ìrántí náà ti lọ. Mo rí i bó ṣe lọ, mi ò sì rí ibi tí mo lè dì mú.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni Màmá ti ń bi wọ́n ní daycare lójoojúmọ́, pẹ̀lú sùúrù, pẹ̀lú ẹ̀rín, wọn a kọ́kọ́ bó ọsàn fún wọn ná. Lọ́jọ́ Ajé, bàbá mi ní àwọn fún ìyá náà lómi. Lọ́jọ́rú, wọ́n ní Ọ̀gá ò jẹ́ kí àwọn sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ní kò sí ẹnikẹ́ni nílé ìwé náà, òfìfo ni. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n ní ìró aró ló wà nídìí ìyá náà, Màmá fò sókè, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá àgbà àwọn ní ìró aró. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, bàbá mi ń ṣàpèjúwe ìró náà, mo sì mọ̀ pé ìró ìyá mi ni. Mo pe dókítà, mo ní èwo ni ká gbà gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Ó ní ọpọlọ wọn ń fi ohunkóhun tó bá rí dí ihò tó wà níbẹ̀, pé bàbá mi fúnra wọn kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ daycare sọ fún mi pé bàbá ń sunkún lọ́sàn-án, wọn ò sì lè sọ ohun tó ń pa àwọn lẹ́kún.

Mo bẹ Màmá pé kí wọ́n jẹ́ kó tán síbẹ̀.

"Ìwọ lo pè mí, ọmọ mi," ni wọ́n wí. Wọn ò bínú. "Kí o tó pè mí, mo ti gbàgbé dé ibi tí èèyàn lè gbàgbé dé." Ẹyin lohùn, mo ti jẹ́ kó bọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí a ṣe ń lọ sí Stafford, bàbá mi na ọwọ́ lójijì. "Yà sọ́tùn-ún." Ọ̀nà kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n mo yà. Mo rò ó lọ́kàn mi pé bóyá ọwọ́ wọn á rántí ohun tí ẹnu wọn ti gbàgbé. Wọ́n ní kí n yà sósì, kí n máa lọ, kí n rọra. A dé iwájú gbọ̀ngàn ayẹyẹ kan tí wọ́n tì pa, tó ní àtẹ̀gùn funfun gbọọrọ níwájú. "Dúró." Mo dúró. Bàbá mi mú ike omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n di irin àtẹ̀gùn mú, wọ́n ń gùn ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dókè, wọ́n tẹ̀ ba díẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì na omi náà sí ilẹ̀kùn tó wà ní títì.

"Ẹ gbà, Mà," ni wọ́n wí. "Ẹ gbà á."

Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Oòrùn ń pa wọ́n lórí, mo sì dúró nísàlẹ̀ tí mi ò lè gùn, tí mi ò lè pè wọ́n. Nígbà tí apá ń ro wọ́n, wọ́n gbé omi náà sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní ebi ń pa àwọn.

Mo sọ fún Màmá lọ́jọ́ yẹn gan-an. Wọ́n gbọ́ ọ délẹ̀. "Ohun tí wọ́n ṣe nígbà náà ni wọ́n tún ṣe," ni wọ́n bi mí, "àbí ohun tí wọn ò ṣe?"

"Mi ò mọ̀, Mà."

Wọ́n bo ojú wọn. Mo ti kàwé tó pọ̀, mo ti ya odidi ilé-iṣẹ́ epo sórí bébà, ìdáhùn tí mo ní fún àgbàlagbà náà kò ju ìyẹn lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà náà pòórá pátápátá lọ́kàn bàbá mi. Ọ̀gá lọ, jíìpù lọ, èmi ọmọ wọn náà sì tẹ̀ lé wọn lọ, wọn ò dá mi mọ̀ mọ́. Màmá kò dẹ́kun àtijókòó tì wọ́n. Nígbà mìíràn wọn a máa fi ẹnu tọ ọ̀nà náà fún wọn, láti ojú irin dé orí òkè, bàbá mi a sì máa gbọ́ ọ bí ìtàn ẹlòmíràn. Mo gbọ́ tí bàbá mi béèrè níjọ́ kan pé, "Ta ló wa ọkọ̀ náà?" Màmá ní, "Ọmọkùnrin kan báyìí ni." Bàbá mi mi orí. "Kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀," ni wọ́n wí.

Bàbá mi kú ní ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e. Màmá wá kí mi, wọ́n jókòó, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n bi mí bóyá bàbá sọ nǹkan kan kí wọ́n tó lọ. Mo ti pèsè irọ́ kan sílẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn: wọ́n ní àwọn fún un lómi, ó mu, ó súre fún wọn. Mo la ẹnu.

"Má parọ́ fún mi, ọmọ mi," ni Màmá wí.

Mo pa ẹnu dé.

Ọdún ti gun orí ọdún. Mo ti fi ibi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ewú sì ti gba orí mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé ẹni tó ṣẹ́gun ìlú ló máa ń rántí rẹ̀, torí òun ló ya fọ́tò. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́yìn fọ́tò tí wọ́n lé sẹ́yìn, àti pé ẹni tí yóò bi wá nípa rẹ̀ lè jókòó síwájú wa ní Houston, kí ọwọ́ wa ṣófo. Ọmọ Màmá ti kó wọn lọ sí ìlú mìíràn. Wọ́n máa ń pè mí lọ́jọ́ Àìkú. A óò sọ̀rọ̀ nípa ooru, nípa orúnkún tó ń dùn wọ́n, nípa oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ á tán, kò sì ní sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ gbé fóònù sílẹ̀ nínú àwa méjèèjì.