Ẹ̀bà Bàbá Mi Tí Mo Gé sí Méjì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín lónìí. Mo dín oúnjẹ bàbá mi kù kí n lè gba ẹsẹ̀ wọn là, díẹ̀ ló sì kù kí n fọwọ́ ara mi ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́.

Láti bí ọdún kan ni bàbá ti ń gbé lọ́dọ̀ èmi àti ọkọ mi ní Ìgàndó. Bíríkìlà ni wọ́n kí agara tó dá wọn, ilé tí wọ́n mọ ní Ayọ̀bọ̀ nìkan kò lóǹkà. Àtọ̀gbẹ wá dé, egbò kékeré kan sì yọ lẹ́sẹ̀ wọn, kò jinná. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní bí ṣúgà ò bá wálẹ̀, wọ́n lè gé ẹsẹ̀ náà. Ó ní kí n dín ẹ̀bà wọn kù sí ìdajì, kí n fi ẹ̀fọ́ kún un.

Ẹ̀rù bà mí! Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bà tó máa ń kún abọ́ wọn, mo sọ ọ́ di bíńtín. Ọkọ mi ń jẹ tirẹ̀ bó ṣe máa ń jẹ ẹ́. Ṣé kì í ṣe ìfẹ́ nìyẹn?

Bàbá ò bá mi jà. Wọ́n á jẹ ẹ́ tán, abọ́ á mọ́ tónítóní. Mo rò pé ó ti yé wọn ni. Nígbà tó yá, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń mú ọ̀pá wọn lọ́sàn-án, wọ́n á ní àwọn fẹ́ na ẹsẹ̀ díẹ̀.

Ṣúgà ò wálẹ̀ o. Ṣe ló tún ń lọ sókè.

Àṣé ilé Ìyá Sàdíà, aládùúgbò wa, ni wọ́n ń lọ jẹun! Obìnrin náà ò mọ nǹkan kan nípa àìsàn wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló dá mi dúró lọ́nà, tó ń yin bàbá mi. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá bu oúnjẹ fún wọn, wọ́n máa ń ṣẹ́ díẹ̀ kù fún àwọn ọmọ-ọmọ òun, pé àwọn ọmọ náà ti wá ń dúró de bàbá báyìí.

Mi ò ní parọ́ fún yín, inú bí mi. Mo délé, mo bi bàbá pé ṣé oúnjẹ mi ni ò tó wọn ni, àbí wọ́n fẹ́ kú. Ohùn mi le. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Wọ́n ní, "Ebi ò pa mí, Ṣadé. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Nínú ilé àna mi yìí, kí ni mo tún ní tí mo lè fún ẹnikẹ́ni?"

Mo rántí bí èmi àti àwọn àbúrò mi ṣe máa ń jà sí ẹni tó máa gbé abọ́ bàbá, nítorí ẹran tó máa ń ṣẹ́kù sídìí ọbẹ̀. Àtiṣẹ́ oúnjẹ kù fọ́mọ, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ wọn!

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ náà fún wọn, èyí tí mo ti ń fi pamọ́ kó má bàa já wọn láyà.

Lọ́jọ́ kejì, mo tẹ ẹ̀bà kún abọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọbẹ̀, wọ́n gé e sí méjì, wọ́n fa ìdajì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n jẹ tiwọn tán, wọ́n pè mí pé kí n wá gbé abọ́. Àgbàlagbà bíi tèmi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo jẹ àjẹkù bàbá mi, omi ń bọ́ lójú mi.

Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn títí di òní. Ṣúgà ti ń wálẹ̀, egbò náà sì ti ń jinná.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kì í ṣe ikùn nìkan ló ń yan oúnjẹ fún àgbàlagbà. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì náà ò sì lè dá a yàn. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló ń ṣorí kunkun sí oúnjẹ nílé tiyín? Ẹ sọ ọ́ fún wa nísàlẹ̀ níbí, kí a jọ gbọ́n. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dín oúnjẹ àgbà kankan kù, ẹ jàre, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń fi í ṣe.