Ọjọ́ Tí Lórẹ́tà Pa Ẹnu Mọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ Lórẹ́tà, ẹ jẹ́ n sọ fún yín: ẹnu ẹ̀ kì í sinmi, ó sì mú bí abẹ. Àtìgbà tí Élímà ọkọ ẹ̀ ti ń gé koríko pápá bésíbọ̀ọ̀lù wa nílùú Bẹ́lítínì ló ti ń ta ẹ̀pà níbẹ̀. Bó ṣe ń ta ẹ̀pà ló ń bú rẹfirí: "Ìwọ yìí, ṣé ìyàwó ẹ ló gbé jígí ojú ẹ pa mọ́ ni?" Rẹfirí fúnra ẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á tún ra ẹ̀pà.

Èèwọ̀ kan wà tí gbogbo wa ń pa mọ́. Bí ajubọ́ọ̀lù wa bá ń ju bọ́ọ̀lù, tí kò sí ọ̀tá tó rí i fi igi gbá, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ́ jáde títí eré á fi parí, kó má baà bà á jẹ́. Ìgbà kan wà tó ku ọ̀tá kan péré tó máa gbá bọ́ọ̀lù ká tó rí irú ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní pápá yẹn, ni Lórẹ́tà bá lọgun: "Ẹ ò rí nǹkan! Kò tíì sẹ́ni tó gbá a!"

Gbàù! Onítọ̀hún gbá a kọjá ògiri. Ẹyin lohùn. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni Élímà ò fi bá ìyàwó ẹ̀ sọ̀rọ̀. Títí ọkọ náà fi kú ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọjọ́ tó o bá dákẹ́, a ó rí i."

Ìgbà tó yá, wọ́n ní àwọn fẹ́ wó pápá náà. Lọ́jọ́ tá a gbá eré ìkẹyìn, katapílà ti dúró lẹ́yìn géètì. Àfi bí Kódì ajubọ́ọ̀lù wa, ọmọ gàgàrà kan báyìí, ṣe ń ju bọ́ọ̀lù tí àwọn ọ̀tá ò rí i gbá. Bí tọjọ́ náà bá tún bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ó parí nìyẹn. Gbogbo wa yíjú sí Lórẹ́tà.

Ó jókòó ti àga Élímà tó ṣófo, ó rọ́ ẹ̀pà kún ẹnu.

"Lórẹ́tà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́," ni mo wí. Ojú ló fi bú mi.

Àlejò kan tó wà níwájú wa yíjú padà. "Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ kíyè sí i pé kò tíì sí—"

Kíá ni Lórẹ́tà ti ki búrẹ́dì oní-sọ́séèjì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Búrẹ́dì tèmi ni o, tí mi ò tíì gé jẹ! Inú bí mi, àmọ́ mo fara mọ́ ọn.

Ó ku ọ̀tá kan. Ó fì igi ìgbábọ́ọ̀lù ẹ̀ fìì, afẹ́fẹ́ ló gbá. Pápá hó yèè! Àlejò ń dì mọ́ mi, sọ́séèjì mi ṣì wà lẹ́nu ẹ̀.

"Lórẹ́tà, ó yá, sọ̀rọ̀ wàyí!" la ń pariwo.

Ó gbé ẹ̀pà ẹnu ẹ̀ mì. Kò wojú wa. Ó gbọ́wọ́ lé àga ọkọ ẹ̀, omi ń bọ́ lójú ẹ̀.

"Élímà, mo dákẹ́ o," ló wí. "Ó tó kó o wá bá mi sọ̀rọ̀."