Ta Ló Fi Kẹrosíìnì Wẹ Oyin?

Kò! kò! kò! Àjẹ̀ ni bàbá kan ládùúgbò wa fi ń lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì ń pariwo lé e lórí: "Ẹ wá ulí, ẹ wá sílé! Omi ti ń bọ̀ o!" Lábẹ́ ilé rẹ̀ tó dúró lórí òpó, nínú ẹrẹ̀ tí omi fà kúrò lórí rẹ̀, àwọn adìyẹ rẹ̀ á gbé orí sókè, wọn á fi akàn kéékèèké tí wọ́n ń ṣá jẹ sílẹ̀, wọn á sáré gun pákó tó gbé kalẹ̀ fún wọn bí àtẹ̀gùn. Bí ọ̀kan bá ń ṣe agídí, á bú u bí ẹni ń bú ọmọ: "Ìwọ lo fẹ́ kọ́ omi wíwẹ̀ lónìí, àbí?" Èmi tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa, afárá pákó kan péré ló là wá láàárín, màá rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ á fi máa dùn mí.

Apẹja ni bàbá àdúgbò wa yìí. Orí òkun ló ti lo ayé rẹ̀, kó tó di pé epo rọ̀bì ni àwọ̀n ń fà gòkè dípò ẹja. Nígbà tó sú u, ó ní òun fẹ́ máa sin adìyẹ àti kòkòrò oyin. Àwọn èèyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́rùn. Níbi tí omi ń gba abẹ́ ilé kọjá, ta ní ń sin adìyẹ níbẹ̀? Ó fi àwọ̀n àtijọ́ ṣe ọgbà yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ká, ṣùgbọ́n ojú àwọ̀n ẹja ńlá ni, àwọn òròmọdìyẹ rẹ̀ àkọ́kọ́ sì yọ́ gba ibẹ̀ já sómi. Ó jókòó, ó tún gbogbo rẹ̀ so.

Ní ti oyin, ó to ìkòkò amọ̀ sórí àgbékà pákó lẹ́yìn ilé, níbi tí igbó etí omi ti bẹ̀rẹ̀, ó fi ìda ra inú wọn, ó sì ń retí. Lọ́jọ́ tí àwọn oyin wọ̀ wọ́n, ijó ló jó. Èéfín èèpo àgbọn tí a fi ń yan ẹja ló fi lé wọn nígbà tó fẹ́ kórè, oyin náà sì ń ta sánsán bí ẹja yíyan. Ìyá mi tọ́ ọ wò, ó ní, "Aba, ata nìkan ló kù sí i, ká fi jẹ ẹ̀bà." Bàbá rẹ́rìn-ín débi tí omi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, páìpù ilé iṣẹ́ elépo kan bẹ́. Omi gbé epo wọ abẹ́ ilé wa, nígbà tó sì fà, epo kò bá a lọ. Bàbá wà ní Igbókòdá, ó lọ ra àgbàdo fún àwọn adìyẹ. Àwọn adìyẹ sì sọ̀ kalẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Nígbà tó dé tó lu ọkọ̀, dúdú ni gbogbo wọn gòkè, wọ́n ń fi ẹnu tún ìyẹ́ wọn ṣe, wọ́n ń gbé epo náà mì.

Létí omi wa, kẹrosíìnì la fi ń bọ́ epo rọ̀bì kúrò lára ohunkóhun: ọwọ́, ẹsẹ̀, àwọ̀n, ara ọkọ̀. Ohun tó mọ̀ ló ṣe. Mo bá a di ìyẹ́ wọn mú, ó ń fi àkísà nù wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń bẹ̀ wọ́n. Kò sí èyí tó yè. Àwọn oyin tó ń mu omi létí ẹrẹ̀ náà lẹ̀ mọ́ epo. Mo gbé etí lé ìkòkò wọn, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Nígbà tí ọ̀gá kan wá láti ilé iṣẹ́ náà, tó ń wo àwọ̀n àwọn èèyàn tí epo bà jẹ́, bàbá gbé adìyẹ kan tọ̀ ọ́ lọ nínú apẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀gá, mi ò tọrọ nǹkan kan. Ẹ ṣáà wò ó, kẹ́ ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé epo yín ló pa á."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. "Bàbá, kẹrosíìnì ló ń rùn lára èyí."

"Mo fi wẹ̀ ẹ́ ni, kí epo lè bọ́."

"Ẹ̀yin lẹ pa á nìyẹn. Ta ní ń fi kẹrosíìnì wẹ adìyẹ?"

"Àwọn oyin mi ńkọ́? Àwọn náà kú. Ẹ wá wò wọ́n lẹ́yìn ilé."

"Oyin inú igbó? Bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Ó kọjá lọ. Àwọn kan nínú wa bá a rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ bí mi nínú.

Láti ìgbà náà, bàbá kì í sọ nǹkan mìíràn. Á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ní, "Ọma mi, èmi ni mo pa wọ́n." Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ta ló wá fi kẹrosíìnì wẹ oyin?" Ó ní ọmọdé ni mí, n kò lè mọ̀. Ó kú sínú ẹ̀bi yẹn.

Kí wọ́n ba omi wa jẹ́, ó burú. Kí wọ́n tún di ẹ̀ṣẹ̀ wọn lé arúgbó lórí, kó sì gbé e dé sàréè, ìkà gbáà ni, mi ò sì dárí rẹ̀ jì wọ́n. Títí di òní, bí ẹni tó wọ bàtà mímọ́ bá ń sọ fún ẹni tí wọ́n ṣe léṣe pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á, ara mi á gbóná, màá dìde, màá sì sọ̀rọ̀. Wọ́n ti lé mi jáde nípàdé rí nítorí rẹ̀. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo sì sọ tẹnu mi tán.