Màrìwò Lẹ́nu Oko Ọsàn

Ẹ má sọ fún mi pé ọjà ni kò dára. Ọjà dára. Àdéhùn ló bàjẹ́, mo sì mọ ẹni tó bà á jẹ́.

Títì kan ṣoṣo ló ti Ìbàdàn wá, tó gba Fìdítì kọjá sí Ìlọrà kó tó wọ Ọ̀yọ́. Gbogbo ohun tí ilẹ̀ wa ń mú jáde, títì yẹn ló gbọ́dọ̀ gbà. Àwọn ará Ìlọrà àti Akínmọ̀rín kò fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù rẹ̀: bí lọ́rì kò bá wá, ẹ̀gẹ́ wọn á dúró sínú ilẹ̀, iṣu wọn á wà nínú àká. Ọsàn bàbá mi ní Fìdítì kò lè dúró de ẹnikẹ́ni.

Àṣà wa ni pé ẹni tó bá fẹ́ ra oko ọsàn á wá nígbà tí èso kò tíì pọ́n, á so màrìwò mọ́ igi tó wà lẹ́nu oko. Láti ìgbà náà, olóko kò gbọ́dọ̀ tà á fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n apá kejì wà: ẹni tó so màrìwò gbọ́dọ̀ dé kí ọsàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í já. Onílọ́rì tó ń ra tiwa di apá kìíní mú, ó ju ìkejì nù.

Ní ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì, kí wọ́n máa rìn lápá ọ̀tún, mo ti yunifásítì wálé fún ìsinmi Kérésì. Ọsàn ti pọ́n, ó ti ń já. Onílọ́rì kò yọjú. Láràárọ̀ ni bàbá mi ń lọ jókòó sẹ́bàá títì, tó ń wo lọ́rì tó ń kọjá.

Obìnrin kan láti Ọ̀yọ́ dá ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ dúró.

“Bàbá ọlọ́sàn, ẹ jẹ́ n kó gbogbo ẹ̀ lónìí.”

Bàbá mi nawọ́ sí ẹnu oko. “Wọ́n ti so màrìwò sí i.”

“Ẹni tó so ó dà?”

“Ó ń bọ̀.”

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. “Ọsàn yín náà ń bọ̀, ilẹ̀ ló ń bọ̀ sí. Ẹ kú ìdúró o!”

Nígbà tó lọ tán, mo ní, “Bàbá, onílọ́rì yẹn ló kọ́kọ́ yẹ àdéhùn. Àdéhùn náà kò dè yín mọ́.”

“Akọ̀wé! Òfin tí wọ́n ń kọ́ ẹ nìyẹn? Bí mo bá tú u, lọ́rì wo ló máa dúró fún mi lẹ́ẹ̀mìíì? Gbogbo wọn ló mọra wọn.”

Òótọ́ ló sọ. Ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn: ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn kó tó máa bẹ̀rù wọn.

Ìyá mi pariwo láti abẹ́ igi, “Ẹ̀yin aláríyànjiyàn, ẹ wá ṣa ti ilẹ̀, kí ewúrẹ́ má bàa bá yín ṣà á!”

Ìgbà tí ìdajì ti wà nílẹ̀ ni onílọ́rì dé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá mi, mi ò sì lè dárí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn jì í títí dòní. Ó mú ọsàn kan, ó tẹ̀ ẹ́.

“Ẹ máà bínú, Bàbá, ọ̀nà ni ò dáa. Ó ti rọ̀ o. Mi ò lè san iye tá a sọ.”

“Ta ló jẹ́ kó rọ̀?” ni mo bi í.

“Oòrùn ni, ọ̀gá akọ̀wé.”

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n máa kó o.

Nígbà tí wọ́n dì í tán, ọkùnrin náà béèrè bóyá kí òun so màrìwò ti ọdún tó ń bọ̀ sílẹ̀ kí òun tó lọ. Mo tẹjú mọ́ bàbá mi. Ó mú àdá rẹ̀, ó wọ inú igbó lọ, ó sì gé màrìwò tútù wá fún un. Ó ní èyí tó wà lára igi ti gbẹ jù.