Aṣọ Tí Kò Tíì Mumi

Funfun báláú lórí okùn. Láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Motọ́láyọ̀ ní Ìkìrun títí dé ìdí igi máńgòrò, omi ń ro tótó lára aṣọ tuntun.

Ibẹ̀ ni Ìyá Ìjọ bá a. Inísà ni wọ́n ti gun ọ̀kadà wá láti ìsìn Ọjọ́rú, sùtánà lọ́rùn, ẹsẹ̀ lásán bí òfin ìjọ wọn. Àwọn ni wọ́n ra aṣọ yìí fún sùtánà ẹgbẹ́ akọrin. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni Ìkórè.

"Motọ́láyọ̀! Ta ló da omi sí aṣọ Olúwa?"

"Ẹ kú ọ̀nà, mà. Èmi ni mo rẹ ẹ́ sómi. Ó ní láti mumi kí n tó gé e."

"Òùngbẹ ń gbẹ aṣọ ni? A ra tuntun, o sọ ọ́ di òkìríkà! Télọ̀ òdìkejì títì ní òun á bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kó aṣọ mi fún mi."

Motọ́láyọ̀ wo aṣọ lórí okùn. Ṣọ́ọ̀bù yìí kò tíì pẹ́ tó ṣí i. Iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ rèé. Bó bá lọ, gbogbo Inísà ni yóò gbọ́ pé ó ba aṣọ ìjọ jẹ́.

Ṣùgbọ́n Òkukù ló ti kọ́ṣẹ́. Lọ́dọ̀ Ìyá Ìrètí. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí kì í pariwo, tí kì í sì í yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ wọn. Ọdún àkọ́kọ́, wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì. Yí òwú sára bọ́bìnì. Fi epo sí máṣíìnì. Dán abẹ́rẹ́ wò lára àkísà. Ko èédú sínú áyọ́ọ̀nù, torí iná ìjọba kì í ṣe ọmọ ìyá ẹnikẹ́ni. Bó bá ń kùn, wọ́n á ní: "Kí sísọ́ọ̀sì tó lanu ni kó o ronú. Tó bá ti pa ẹnu dé, kò sí ẹ̀bẹ̀ mọ́." Bó bá kan aṣọ funfun: "Èyí tí kò tíì mumi, irọ́ ló ń pa fún téèpù." Lọ́jọ́ tó gbòmìnira, ọ̀rọ̀ kan péré: "Oníbàárà á kánjú. Má bá a kánjú."

Motọ́láyọ̀ kúnlẹ̀.

"Mà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó o, ẹ kó o. Ṣùgbọ́n mi ò ní gé e kó tó gbẹ."

"Ẹnu ẹ mú o!"

"Ẹ má bínú, mà. Sùtánà ọrùn yín yìí, ibo ló dé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́?"

Ìyá Ìjọ wolẹ̀. Eruku ọ̀nà lẹ́sẹ̀ wọn. Kókósẹ̀ síta gbangba. Etí sùtánà lókè, ní ìdajì ojúgun.

"Ilẹ̀ ló ń gbá." Ohùn ti rọlẹ̀. "Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ló bá súnkì."

Wọ́n yọjú wo inú ṣọ́ọ̀bù. Bọ́bìnì olówùú funfun, lẹ́sẹẹsẹ. Abẹ́rẹ́ tuntun lẹ́nu máṣíìnì. Èédú nínú áyọ́ọ̀nù, ìṣáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aṣọ nìkan ni gbogbo wọn ń dúró dè.

"Sátidé o, Motọ́láyọ̀. Tí akọrin mi ò bá rí sùtánà wọ̀, ìwọ ni wàá dá kọrin."

"Wọ́n á rí i wọ̀, mà. Á sì balẹ̀."

Wọ́n gun ọ̀kadà, wọ́n ń fa etí sùtánà wálẹ̀. Kò wálẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Motọ́láyọ̀ mú sísọ́ọ̀sì, ó lọ sídìí okùn. Ó fi aṣọ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí ọ̀gá rẹ̀ ti máa ń ṣe. Àárín ti gbẹ. Ìṣẹ́tí ṣì tutù.

Ó dá sísọ́ọ̀sì padà sórí tábìlì.