Bí Mo Ṣe Mú Wíńtà Lọ sí Ogudu

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní Agboyi. Ọyẹ́ ti bo ojú odò débi pé mi ò rí ẹni tó ń tukọ̀ wa, ikọ́ rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́. Ìyàwó mi dúró sétí omi, ó ń ṣàdúrà fún mi bí ẹni tó ń sin ọkọ rẹ̀ lọ sí ìlú òyìnbó. Ẹlòmíràn á ní ṣé láti Agboyi dé Ogudu náà ni wọ́n ń pè ní ìrìn àjò. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, kò tíì gba ọjà Mile 12 kọjá pẹ̀lú irú ẹrù tí mo gbé lọ́jọ́ náà ni.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Bọ́sẹ̀, ló gbé mi jáde. Ọ̀dọ̀ Bísọ́lá ọmọ rẹ̀ ló ń gbé, nínú ẹ̀sítéètì kan ní Ogudu GRA. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá Àǹtí mi jà, dókítà sì ní kó dín iyọ̀ àti òróró kù. Bísọ́lá, tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, kò dín in kù o, ṣe ló kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ó ti rí oúnjẹ kan lórí fóònù rẹ̀, tí àwọn òyìnbó máa ń ṣe nígbà òtútù: ewé tútù tí wọ́n rẹ́ sínú abọ́. Ìyẹn ló wá ń gbé ka iwájú ìyá rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, bí wọ́n ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Àǹtí mi ní òun ò jẹun mọ́ nínú ilé náà. Tíì tí kò ní ṣúgà nìkan ló kù tó ń gbà lọ́wọ́ wọn.

Ni Bísọ́lá bá pè mí. "Uncle Káyọ̀dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi bẹ Mummy. Tiyín nìkan ni wọ́n máa ń gbọ́. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ yà ní Mile 12, ẹ bá mi ra àwọn ẹ̀fọ́ wíńtà. Mo fẹ́ ṣe bowl tuntun kan fún wọn."

Ó yẹ kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì fún àwọn ará ilé. Wíńtà ni ìgbà òtútù àwọn òyìnbó, nígbà tí yìnyín máa ń bo ilẹ̀. Bowl ní tirẹ̀, abọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní Ogudu, oúnjẹ tó wà nínú abọ́ náà ń jẹ́ bowl. Ní Agboyi tiwa, a kì í pe ọbẹ̀ ní ìkòkò.

Ojú ọjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là nígbà tí mo dé Mile 12. Àwọn tírélà tó wá láti òkè Ọya ti tò gbọọrọ, wọ́n ń já ẹrù. Ìgbà ọyẹ́ yìí gan-an ni ẹ̀fọ́ ilẹ̀ tútù máa ń pọ̀: kárọ́ọ̀tì nínú àpò, kùkúḿbà nínú apẹ̀rẹ̀, kábéèjì tí wọ́n tò jọ bí orí àwọn tó sùn. Ẹsẹ̀ mi ń rì nínú ẹrẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ti dáwọ́ dúró tipẹ́. Mi ò mọ ibi tí ẹrẹ̀ náà ti ń wá, àwọn ará ọjà náà ò sì mọ̀. "Ẹ yà o! Ẹ yà o!" làwọn alábàárù ń pariwo. Ẹni tí kò bá tètè yà, àwọn àti ẹrù á gbé e lọ síbi tí kò ní lọ́kàn.

Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta kárọ́ọ̀tì. "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, níbo ni mo ti lè rí wíńtà?"

"Wíńtà? Ẹ máa lọ tààrà. Tẹ́ ẹ bá dé ìdí kábéèjì, ẹ béèrè."

Mo dé ìdí kábéèjì, mo béèrè. Ọkùnrin kan ní, "Wíńtà ò sí ńlẹ̀. Ó lọ kírun."

Mo kọ́kọ́ rò pé ọkọ̀ tó ń kó o bọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í kírun. Mo jókòó lórí àpò kan, mò ń rò ó. Nígbà tó yá, ẹlòmíràn kọjá, ó ní kí n fara balẹ̀, pé Wíńtà ti kírun tán, kókò, ògì àwọn Hausa, ló yà mu.

Kò pẹ́, ọkùnrin gbàǹgbà kan yọ sí mi. Ó wọ kóòtù nínípọn tó gùn dé orúnkún, ó dé fìlà onírun, ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Oòrùn ti yọ nígbà yẹn, òógùn sì ń ṣàn ní imú rẹ̀.

"Alàájì, wọ́n ní ẹ ń wá mi."

Mo ní onígbàgbọ́ ni mí. Ó ní kò burú, Alàájì. Mo ní, "Ṣé ìwọ ni Wíńtà?"

"Èmi ni. Sáàní lorúkọ tí bàbá mi sọ mí, ṣùgbọ́n látìgbà tí mo ti ra kóòtù yìí lọ́wọ́ olókirika, kò sẹ́ni tó tún rántí."

"Ooru ò mú ọ ni?"

"Ó ń mú mi. Ṣùgbọ́n ìlú òtútù ni kábéèjì mi ti ń bọ̀, lápá Jos. Tó bá rí mi pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, á mọ̀ pé òun ti kúrò nílé. Ibẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í rọ."

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń bá mi ṣeré. Kò ṣeré rárá. Mo wá ṣàlàyé ara mi fún un, pé ẹ̀gbọ́n mi ni kò jẹun, àti pé a fẹ́ fi kábéèjì ṣe oúnjẹ fún un.

"Ẹ máa sè é?"

"Rárá. Tútù ni."

"Ó yé mi. Sàláàdì ẹ̀gbẹ́ ráìsì."

"Kò sí ráìsì."

"Kò sí ráìsì lábẹ́ rẹ̀?"

"Kò sí."

"Ẹran ńkọ́?"

"Kò sí. Òun fúnra rẹ̀ ni oúnjẹ."

Wíńtà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kan, ó fi nu ojú. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta kábéèjì," ló wí. "Mi ò tíì rí ẹni tó fi òun nìkan yó. Alàájì, mò ń bá yín lọ."

Mo ní kò pọn dandan. Kò gbọ́. Ó fi ìdí ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún aládùúgbò rẹ̀, ó sì mú mi káàkiri. Òun ló bá mi ná gbogbo rẹ̀: kárọ́ọ̀tì, ẹ̀wà tútù eléèpo, ànàmọ́ aláwọ̀ pupa, ọsàn tó kún fún omi. Kábéèjì méjì tó kì pọ́pọ́ ló tà fún mi ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Ó ní lẹ́yìn ọyẹ́, ọ̀kan ṣoṣo ni owó yẹn máa rà, ìyẹn náà á sì ti máa bínú.

A wọ bọ́ọ̀sì padà sí Kétu, a bọ́ sí Alápẹ̀rẹ̀, a wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Ọ̀nà dán títí a fi wọ Ogudu. Òógùn Wíńtà wá ń ro sórí àpò kárọ́ọ̀tì. Oníkẹ̀kẹ́ ń wò ó nínú dígí, ó ṣáà ń wò ó. Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá, ṣé ọsibítù lẹ ń gbé wọn lọ ni?"

"Rárá. Ilé ẹ̀gbọ́n mi la ń lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kú sínú kẹ̀kẹ́ mi."

Ní Agboyi, ẹnu ọ̀nà ilé la ti ń kí "Ẹ kú ilé o." Ní ẹ̀sítéètì, ẹ̀ṣọ́ ló wà lẹ́nu géètì, ó sì gbọ́dọ̀ pe onílé kí àlejò tó wọlé. Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ pe Bísọ́lá, ó sì ṣí fóònù rẹ̀ síta kí gbogbo wa gbọ́.

"Madam, Uncle yín ti dé. Wọ́n ní àwọn mú Wíńtà wá."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó tètè wọlé, kó má baà rọ."

Ẹ̀ṣọ́ náà yíjú wo Wíńtà tó fara ti ògiri, tó ń mí helehele. "Madam," ó ní, "ó ti ń rọ o."

Bí a ṣe wọlé, mo rí Àǹtí mi nínú pálọ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí tábìlì oúnjẹ, Bíbélì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti fọn. Mi ò mọ̀ pé ó ti tó bẹ́ẹ̀.

"Káyọ̀dé, wọ́n ti rán ọ sí mi, àbí?"

"Ẹ kú ilé, Àǹtí mi. Mo kàn wá kí yín ni."

"Tòun ti kábéèjì?"

Bísọ́lá ò jẹ́ ká jókòó. Ó gba ẹrù, ó fọ̀ ọ́, ó rẹ́ kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́, ó fún ọsàn sí i, ó gbé abọ́ náà síwájú ìyá rẹ̀. Kò sí iyọ̀. Kò sí ẹ̀kán òróró. Àǹtí mi gbójú kúrò. Mo bẹ̀ ẹ́, mo dọ̀bálẹ̀, mo kì í ní oríkì tí ìyá wa máa ń kì í. Ó ní òun dúpẹ́, kí n dìde.

Wíńtà ló wá súnmọ́ tábìlì. "Màmá, ẹ jẹ́ n bá yín tọ́ ọ wò."

Ó bu ṣíbí kan, ó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu. Gbogbo wa dúró. Ó jẹ ẹ́ títí, kò gbé e mì. Omi wá bọ́ lójú rẹ̀. "Wàláì," ó ní, "ó dà bí ẹni ń jẹ ìwé ìròyìn. Kábéèjì tèmi!"

Àǹtí mi yíjú padà. "Ta ni ọkùnrin yìí?"

"Wíńtà ni, Àǹtí."

"Ẹ fún Wíńtà lómi mu." Ó wo ọmọ rẹ̀. "Bísọ́lá, ṣé o gbọ́? Ẹni tó ń tà á ló sọ ọ́ o."

Mo rò pé Bísọ́lá máa rẹ́rìn-ín. Ẹkún ló bú sí. "Mummy, Daddy náà ní kí n fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Mo sì fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n jẹ gbogbo ohun tó wù wọ́n. Ṣé ẹ ti gbàgbé bá a ṣe bá wọn nílẹ̀ bálùwẹ̀ ni?"

Wíńtà ṣí fìlà rẹ̀.

Àǹtí mi pa Bíbélì dé. "Mi ò gbàgbé," ló wí. "Ṣùgbọ́n látọjọ́ tó o ti ń gbé abọ́ yìí wá, o ò jókòó jẹ ẹ́ pẹ̀lú mi rí. Wàá gbé e kalẹ̀, wàá dúró lé mi lórí bíi wọ́dà, wàá wá lọ jẹ ráìsì tìẹ ní kíṣìnì. Èmi ò kọ oúnjẹ o, Bísọ́lá. Dídá nìkan jẹ ẹ́ bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ni mo kọ̀."

Bísọ́lá fi ọwọ́ bo ojú. Ó ní, "Mummy, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe." Ìyá rẹ̀ dìde fúnra rẹ̀, ó gba kíṣìnì lọ, gbogbo wa sì tẹ̀ lé e.

Báyìí la ṣe ṣe é, kí ẹni tó bá fẹ́ dán an wò lè mọ̀. Èmi bó ànàmọ́, mo gé e, Bísọ́lá fi òróró díẹ̀ pa á lára pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì, ó sì kó wọn sínú ààrò oníná títí ẹ̀gbẹ́ wọn fi pọ́n. A se ẹ̀wà pupa tó wà nílé lọ́tọ̀. Àǹtí mi ní òtútù òwúrọ̀ ọyẹ́ àti ewé tútù ò ṣeé pàdé nínú ikùn arúgbó, nítorí náà a da kábéèjì àti ẹ̀wà tútù sínú ìkòkò gbígbóná. Wíńtà dúró tì í, ó ń pariwo pé, "Ẹ má sè é pa! Ẹ jẹ́ kó ṣì máa ró lẹ́nu!" Mo ya ẹja gbígbẹ tí mo mú wá láti Agboyi sí i. Bísọ́lá po ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ omi ọsàn, atalẹ̀ àti ata, Wíńtà sì yọ kúlíkúlí nínú àpò kóòtù rẹ̀, ó rún un lé gbogbo rẹ̀. Ó ní àwọn Hausa máa ń po ewé mọ́ kúlíkúlí bẹ́ẹ̀, kwado ni wọ́n ń pè é. Mo ní kí ló dé tí kò ti sọ bẹ́ẹ̀ ní Mile 12? Ó ní wíńtà ni mo béèrè, mi ò béèrè kwado.

Ooru ààrò náà wá borí rẹ̀. Ó bọ́ kóòtù. Súwẹ́tà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó bọ́ súwẹ́tà, òmíràn tún wà lábẹ́ ìyẹn. Ó bọ́ ìyẹn náà, a rí ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn. Àǹtí mi di tábìlì mú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Káyọ̀dé," ó ní, "kábéèjì ni ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀!"

Mo bù ú fún wọn. Bísọ́lá fà sún mọ́ ìyá rẹ̀, àwọn méjèèjì ń jẹ nínú abọ́ kan náà. Wíńtà ń jẹ tirẹ̀ láì sọ̀rọ̀. Mo dúró, mò ń wo ọ̀fun Àǹtí mi bó ṣe ń gbé òkèlè kọ̀ọ̀kan mì. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ṣíbí ha ìdí abọ́.

"Ó kù iyọ̀," ló wí.

"Mummy!"

"Mo kàn ní ó kù iyọ̀ ni. Ṣé mo ní mi ò ní jẹ sí i? Bù kún un."

Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó kúrò níbẹ̀, lẹ́yìn tí mo ti fọ abọ́. Ní Kétu ni Wíńtà ti yà padà sọ́jà Mile 12, ó di kóòtù àti súwẹ́tà rẹ̀ sábẹ́ apá. Mo bá ọkọ̀ ojú omi padà, oòrùn pọ́n wẹ́ lókè odò, ó dà bíi kárọ́ọ̀tì.

Ìyàwó mi ti ń retí mi. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní ìrìn àjò yìí kọ́ mi pé tẹ́nì kan bá kọ oúnjẹ, ká má tètè dá oúnjẹ lẹ́bi, ká kọ́kọ́ wo ẹni tó jókòó tì í. Ó ní òótọ́ ni.

"Ìwọ ńkọ́?" ló wá bi mí. "Kí ni ìwọ jẹ ní Ogudu?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Mo ti bó ànàmọ́. Mo ti ya ẹja. Mo ti bù ú fún gbogbo wọn, ẹ̀ẹ̀mejì fún Wíńtà. Mi ò fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí, títí kan èmi fúnra mi.

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó te ẹ̀bà, ó bu ọbẹ̀ ẹja sí i. Ó ti jẹun tirẹ̀ kí n tó dé. Síbẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó fa àpótí rẹ̀ mọ́ tèmi, ó sì bá mi bu òkèlè.