Orúkọ Tí Mo Fá Kúrò Lára Ògiri

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó mú bírò. Àbúrò mi obìnrin tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ní, "Bùrọ̀dá mi, ẹ̀yin olùkọ́ ìtàn lẹ lè purọ́ jù, torí pé àwọn tí ẹ ń purọ́ mọ́ ti kú."

Ṣùgbọ́n ojú mi méjèèjì ló rí i. N kò mutí, ibà kò sì mú mi. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in báyìí.

Ẹ sì má retí òru o. Mo mọ̀ pé òru lẹ fẹ́. Ọ̀sán ni, nǹkan bí aago mẹ́rin, Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù keje, òjò sì ń rọ̀.

Agùnbánirọ̀ ni mí nígbà náà ní Ẹnúgu, láàárín àwọn ọdún 1980, ìgbà tí sójà ń fi kòbókò kọ́ wa bí a ṣe ń tò sórí ìlà. Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Uwani. Ọ̀dọ̀ Màmá Rélùwéè ni mo wọ̀ sí. Opó akọ̀wé rélùwéè kan ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó sá lọ nígbà ogun, ó sì tún padà wá, torí pé sàréè ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í dá a lóhùn ní Yorùbá, Píjìn ni ṣáá, nítorí náà ọjọ́ tí mo dé, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí ọmọ tó sọnù he.

Kò fìgbà kan pè mí ní orúkọ tó wà nínú ìwé mi. Oríkì tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi ló béèrè, òun ló sì fi ń pè mí láàárọ̀ lálẹ́. Ẹ dúró, n ò ní sọ ọ́ fún yín. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ tó bá yá.

Ní ọjọ́ kejì Ọjọ́bọ̀ tí mò ń wí yìí, pirinsípà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí lẹ́tà kan fún mi, pé mo ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Bí kò bá sí lẹ́tà, kò sí ìwé ẹ̀rí. Bí kò bá sí ìwé ẹ̀rí, kò sí iṣẹ́ ìjọba, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kan ti ń dúró dè mí ní Ìbàdàn. Ìyá mi ti ròyìn rẹ̀ ká gbogbo àdúgbò. Gbogbo ohun tí mo fi ọdún kan wá nìyẹn, ọwọ́ ẹnìkan lórí ìwé kan.

Pirinsípà yìí, ọkùnrin gíga tí kì í rẹ́rìn-ín, "Kọ́pà" ló ń pe gbogbo agùnbánirọ̀, bí ẹni pé ìyá kan ló bí wa. Òun ló ní kí n kọ orúkọ àwọn ọba Íjíbítì àtijọ́ sára ògiri yàrá ìtàn nítorí àwọn alábẹ̀wò tó ń bọ̀. Mo ya òrùka gbọọrọ mẹ́wàá pẹ̀lú ọ̀dà aláwọ̀ ewé, orúkọ ọba kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe máa ń ṣe é lára òkúta. Àwọn ìdílé ọba nìkan ni wọ́n ń fi irú òrùka bẹ́ẹ̀ yí orúkọ wọn ká. Lójú wọn, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ṣì wà lára òkúta, tí ẹnìkan sì ń pè é, kò tíì kú tán. Ẹni tí wọ́n bá wá gbẹ́ orúkọ rẹ̀ kúrò, ó kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Obìnrin ni ọba karùn-ún lára ògiri mi. Hatiṣẹpusuti. Adé ọkùnrin ló ń dé, ó fi okùn so irùngbọ̀n àtọwọ́dá mọ́ àgbọ̀n, ó sì jókòó lórí ìtẹ́ fún nǹkan bí ogún ọdún. Ó kọ́ tẹ́ḿpìlì sí ẹsẹ̀ àpáta gàgàrà kan. Ó gbé ọ̀wọ̀n òkúta dúró, gíga bí òpó wáyà méjì tàbí mẹ́ta lórí ara wọn. Nígbà tó kú tó sì pẹ́ díẹ̀, ọmọ ọkọ rẹ̀ tó jọba tẹ̀ lé e ní kí àwọn agbẹ́kùúta lọ gbẹ́ orúkọ rẹ̀ àti ojú rẹ̀ kúrò níbi gbogbo. Àwọn ọba tó dé lẹ́yìn wọn wá ń to orúkọ àwọn baba ńlá wọn sára ògiri, wọ́n sì ń fò ó kọjá bí ẹni fo kòtò.

Mo kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo èyí. Ọjọ́bọ̀ yẹn ni ẹ̀kọ́ ìkẹyìn tí mo ní pẹ̀lú wọn.

"Sà," ọ̀kan wí láti ẹ̀yìn, "woman fit be king?"

Mo ní, "Ohun tí ọmọ ọkọ rẹ̀ náà béèrè nìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ wò ó, ẹ̀rín àwọn ọmọ yẹn ló ba tèmi jẹ́. Ẹ bá mi wá ẹni tó ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín tó mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Mo mú réṣà tí mo fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá ọmọ ọkọ yẹn parí iṣẹ́ rẹ̀. Mo fá orúkọ obìnrin náà kúrò nínú òrùka. Mo wá ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, mo kọ orúkọ ara mi síbẹ̀, lódindi.

Kíláàsì pa ariwo. Wọ́n ń kí mi ní ọba.

Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú kò rẹ́rìn-ín. "Sà, ṣé ẹ máa dá a padà?"

Mo ní, "Lọ́la."

Lẹ́yìn tí gbogbo wọn lọ tán, òjò dé. Mo ti dé ìdí géètì kí n tó rántí pé agbòjò mi wà ní yàrá ìtàn. Mo padà.

Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Kó. Kó. Kó. Irin lórí òkúta. Mo rò pé káfíńtà ni, pé wọ́n ń tún ilẹ̀kùn kan ṣe. Mo ṣílẹ̀kùn.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe mí ní kàyéfì ni bí ibẹ̀ ṣe gbẹ. Níta, erùpẹ̀ pupa Ẹnúgu ti di ẹrọ̀fọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì mi sì rin gbingbin. Mo wọlé, ètè mi sán bí ẹni pé oṣù ọyẹ́ ni. N kò tíì rìn ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ tí ṣẹ́ẹ̀tì yẹn fi gbẹ mọ́ mi lára. Iyanrìn wà nílẹ̀, ó funfun, ó kúná bí èlùbọ́. Ẹni tó bá mọ Uwani mọ̀ pé kò sí irú iyanrìn bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Ẹnìkan dúró níwájú ògiri, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Kò tóbi. Èjìká rẹ̀ kò ju ti ọmọ kíláàsì kejì lọ. Okùn tín-ín-rín kan gba ẹ̀yìn etí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sábẹ́ àgbọ̀n. Mo mọ ohun tí wọ́n ń fi irú okùn bẹ́ẹ̀ so. Èmi ni mo kọ́ àwọn ọmọ.

Kò mú irin kankan lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀ kó, kó, kó yẹn kò dúró. Mo tẹ́tí sí i dáadáa, ẹ gbà mí gbọ́. Inú ara rẹ̀ ló ti ń wá.

Ó yí padà.

Kò sí ojú níbẹ̀. Kò sí imú, kò sí ẹnu. Kì í ṣe ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ kankan kò sí. Wọ́n gbẹ́ ẹ ni, ojú irin lórí ojú irin, bí inú odó tí agbẹ́gilére kò tíì dán. Irùngbọ̀n nìkan ló kù nísàlẹ̀.

Ó na ìka sí òrùka karùn-ún.

"Orúkọ ta nìyí?"

Ẹ fẹ́ bi mí pé èdè wo ló sọ. Ẹni tí kò ní ẹnu, èdè wo ni kó sọ? Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni, bí ìgbà tí ẹ bá ń gbá ilẹ̀ gbígbẹ, ó sì yé mi. Inú ń bí i. Èyí tí kò yé mi ni bí ìbínú ṣe lè dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá ti fẹsẹ̀ fẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ mi nílé. Bí ọba bá bi ọmọ Yorùbá pé ta ni ọ́, ọmọ tí wọ́n kọ́ kì í sá, kì í sì í dákẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Àyà mi kan iyanrìn yẹn. Mo ní, "Kábíyèsí." Mo sì sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un: orúkọ mi, orúkọ bàbá mi, orúkọ ìdílé wa, tán pátá, bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí mi. Òórùn iyọ̀ jáde lára rẹ̀.

"Mo gbà á," ló wí.

Kó, kó, kó bá dákẹ́ lára rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní àyà mi.

N kò rántí bí mo ṣe délé. Agbòjò náà ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó lọ mú un.

Màmá Rélùwéè ń ṣa ẹ̀wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó pe oríkì mi, mo dáhùn, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì ròyìn fún un. Kò dá ọwọ́ ẹ̀wà dúró.

"O wá dọ̀bálẹ̀ fún òkú."

"Ọba ni, Mà."

"O sì fún un lórúkọ. Ṣé ohun tí wọ́n kọ́ yín ní yunifásítì nìyẹn?"

Mo tẹjú mọ́ ẹ̀wà tó ń ṣà.

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé o fi oríkì kún un?"

"Rárá, Mà. Ta ní ń kọ oríkì sínú fọ́ọ̀mù?"

"Òun nìkan ló ṣẹ́ kù fún ọ nìyẹn. Má ṣe kọ ọ́ sínú ìwé kankan láéláé."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti dé ilé ẹ̀kọ́ kí àwọn ọmọ tó dé. Kò sí iyanrìn ní yàrá ìtàn. Ògiri gbẹ, ilẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nínú òrùka karùn-ún, orúkọ mi kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọn kò fá a, wọ́n gbẹ́ ẹ títí dé búlọ́ọ̀kù, ìka mi wọnú ibẹ̀ dé oríkèé kejì. Mo kọ orúkọ rẹ̀ padà sínú kòtò yẹn, Hatiṣẹpusuti. Mo tọrọ àforíjì. Mo rò pé ó ti tán.

Mo lọ sí ọ́fíìsì.

Pirinsípà ti ṣí ìwé tí àwọn olùkọ́ ń fọwọ́ sí láràárọ̀, láti ka iye ọjọ́ tí mo wá. Ó wo ìwé, ó wo mí.

"Kọ́pà, wetin be dis?"

Láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, níbi gbogbo tí orúkọ mi yẹ kó wà, wọ́n ti gbẹ́ ẹ kúrò. Ìwé náà fẹ́lẹ́ níbẹ̀ débi pé ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ń yọ jáde. Orúkọ àwọn tó ṣáájú mi àti àwọn tó tẹ̀ lé mi wà níbẹ̀ ketekete.

Ó fa fáìlì mi yọ. Lẹ́tà tí wọ́n fi rán mi wá síbẹ̀ rí bákan náà. Ihò gbọọrọ kan, tó rí roboto létí méjèèjì, bí òrùka.

Ọkùnrin náà kò burú, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́. Ó mú ìwé tuntun, ó ṣí bírò rẹ̀. "Ó dáa. Pe orúkọ rẹ kí n kọ ọ́, kí n fọwọ́ sí i, kí o máa lọ."

Mo la ẹnu.

"Hatiṣẹpusuti," ni mo wí.

Ó wò mí. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu, mo ṣí i, mo tún gbìyànjú. Orúkọ rẹ̀ náà ló tún jáde. Lẹ́ẹ̀kẹta, n kò lè parí rẹ̀, torí pé mo ti ń sunkún.

Pirinsípà rọra dé ìdérí bírò. "Kọ́pà," ó ní, "o ti fi ọdún kan pa àwọn ọmọ mi lẹ́rìn-ín. Jáde."

Bí mo ṣe jáde láìní lẹ́tà nìyẹn. Iṣẹ́ Ìbàdàn lọ. Ìwé ni mò ń tà báyìí. Bàbá Ìbejì ni ìyàwó mi ń pè mí, òun náà ni àwọn oníbàárà mi ń pè mí. Ilẹ̀ Yorùbá dára púpọ̀: èèyàn lè gbé ibẹ̀ títí láìlórúkọ, bó bá ṣáà ti bímọ.

Àárọ̀ yẹn, mo rìn délé nínú òjò, kó, kó, kó nínú àyà mi. Màmá Rélùwéè rí mi látòkèèrè, ó pe oríkì mi. Mo dáhùn. Ìró inú àyà mi dákẹ́. Mo wọlé, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má wá orúkọ mi nísàlẹ̀ ìtàn yìí. Orúkọ ọba obìnrin náà ni mo kọ sínú rẹ̀, ẹ padà sókè kí ẹ kà á síta, kò ní ná yín ní nǹkan kan. Bí ẹ bá sì rí orúkọ òkú lára ògiri, ì báà jẹ́ ọ̀dà lásán, ẹ fi réṣà yín sápò. Bí ẹnikẹ́ni tí kò lójú bá bi yín pé ta ni yín, mo bẹ̀ yín, ẹ di aláìlẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Òjò ń rọ̀ níta bí mo ṣe ń kọ èyí. Ètè mi ti ń sán.